Ara ọmọ kò gbóná, síbẹ̀ wọ́n ní ká lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò

Àdùkẹ́_Fókò kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi ni mo gbé wá. Obìnrin ni, ó ti lé díẹ̀ lọ́dún kan ààbọ̀. Ìyá rẹ̀ lóyún òmíràn, ló bá já a lẹ́nu ọmú, ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní Lálúpọn. Ògì ni màmá ń fún un láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ògì lálẹ́. Màmá ò rò ó ní búburú, ibi tí agbára wọn mọ nìyẹn. Ìgbà tí èmi máa fi rí ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, irun rẹ̀ ti pupa, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun.

Ọsibítù kan nígboro dá a dúró, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ẹsẹ̀ fà. Wọ́n wá ní ká máa gbé e wá wọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí. Ó ń jẹun o. Ẹyin, ẹja, mọ́ín-mọ́ín, kò sí èyí tí kì í jẹ. Àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ dúró sójú kan. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo ọmọ, ó kọ ọ́ síwèé fún mi pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní MCS. Mo ní ara ọmọ kò gbóná, kì í sunkún tó bá ń tọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ ò sì yí àwọ̀ padà. Ó ní kí n ṣáà lọ ṣe é. Mo dé láàbù, mo gbọ́ iye tí wọ́n pè, mo yíjú padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti ìtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò sanra? Ṣé owó ni wọ́n ń wá ni?

Kọ́lá_Bẹẹrẹ dáhùn:

Owó ni, àǹtí. Gbogbo wọn ló mọ ara wọn, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́, láàbù á gbà á. Ẹ ra Ampiclox olómi ní kẹ́míìsì, ẹ fún un fún bí ọjọ́ mélòó kan. Tó bá jẹ́ pé nǹkan wà nínú ìtọ̀, á bá a jáde. Tí kò bá sí, kò pa á lára.

Màmá_Ìbejì_Àpáta dáhùn:

Kọ́lá, ẹ̀yin ọkùnrin yìí ṣá! "Kò pa á lára" bíi ti bawo? Àdùkẹ́, ẹ má ra nǹkan kan o. Ẹ dúró kí àwọn tó mọ̀ dé.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù dáhùn:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ ọmọdé ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ gùn.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn rí lójú káàdì ni pé ọmọ ń jẹun, kò sì wúwo sí i. Tí oúnjẹ bá ń wọlé tí ara kò sì gbà á, nǹkan kan ló ń bá ọmọ jẹ ẹ́. Nínú ọmọ tó ti rù rí, a máa ń wá oríṣiríṣi: ikọ́ ife, kòkòrò HIV, aràn, etí tó ń ṣọyún, àti àìsàn inú ìtọ̀. Àìsàn ìtọ̀ ló rọrùn jù láti fojú fò, torí kì í pariwo.

Ẹ ní ara rẹ̀ kò gbóná. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ara tó ń gbóná, ara tó ń bá kòkòrò jà ni. Ọmọ tó ti rù kò ní igi tí ara rẹ̀ máa fi dáná. Kòkòrò lè wà lápò ìtọ̀, ó tiẹ̀ lè ti gòkè dé kíndìnrín, kí ara ọmọ sì tutù minimini. Àwọn tí ara wọn máa ń tutù jù gan-an ló máa ń dẹ́rù bà wá ní wọ́ọ̀dù. Ìyẹn ló fà á tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé ọmọ tí àìjẹun-tó bá ti mú dé ojú ewu, kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò bó bá ti dé ibi ìtọ́jú, kódà kí wọ́n má tíì rí àmì àìsàn kankan lára rẹ̀. Wọn kò dúró de ara gbígbóná, torí wọ́n mọ̀ pé ó lè má wá.

Ẹ̀yin tó ń kà á tí ẹ kò mọ ohun tí mo pè ní ojú ewu: téèpù kan wà tí a máa ń fi wọn apá ọmọ, láti oṣù mẹ́fà títí dé ìgbà tó bá fẹ́ pé ọdún márùn-ún. Bí apá bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, ó wọ pupa nìyẹn. Láti 11.5 títí dé 12.5 jẹ́ yẹ́lò. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá sì wú, tí ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ jìn sílẹ̀, kò sí ohun tí téèpù fẹ́ sọ mọ́, ẹ gbé ọmọ dìde.

Àdùkẹ́_Fókò dáhùn:

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Àmọ́ wọ́n fún un lóògùn apakòkòrò nígbà tó wà ní wọ́ọ̀dù. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Kí ló tún kù níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù dáhùn:

Amoxicillin ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, fún èyí tí ara rẹ̀ bá le díẹ̀. Fún èyí tí kò le, abẹ́rẹ́ ni. Amoxicillin pa ohun tó pọ̀. Àmọ́ kòkòrò inú ìtọ̀ ní ìlú wa ti gbóògùn náà jẹ títí ó fi mọ́ ọn lójú. Septrin bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ wo iye ilé tí wọ́n ti ń tú Septrin sẹ́nu ọmọ nítorí pé ó yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí oògùn wọ́ọ̀dù kò pa ló ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀. MCS ni yóò sọ orúkọ rẹ̀, yóò sì sọ oògùn tó lè pa á.

Alh_Súlè_Sángo dáhùn:

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Àìsàn ìtọ̀ nínú ọmọbìnrin ọdún kan? Àtọ̀sí nìyẹn ń jẹ́. Ẹnìkan ti ba ọmọ yẹn jẹ́ ní Lálúpọn. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè bóyá ọkùnrin kankan ń gbé nínú ilé yẹn.

Màmá_Ìbejì_Àpáta dáhùn:

Haa! Alhájì, ẹ rọra.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù dáhùn:

Alhájì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń mú kí àwọn ìyá kan bo ìwé àyẹ̀wò mọ́lẹ̀, tí wọn kò fi ní í hàn bàbá ọmọ. Àtọ̀sí lọ́tọ̀, èyí lọ́tọ̀. Kòkòrò tó sábà máa ń fà á, inú ìfun gbogbo wa ló ń gbé, tèmi tiyín. E. coli ni wọ́n ń pè é. Dókítà ọmọdé kan ní Jámánì, Theodor Escherich, ló kọ́kọ́ rí i, inú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ ló ti rí i ní 1885. Nínú ìfun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Tó bá ti inú ìgbẹ́ rá lọ sójú ihò ìtọ̀, tó gòkè, wàhálà dé. Ọ̀nà ìtọ̀ ọmọbìnrin kúrú, ó sì sún mọ́ ìdí. Ẹ wá fi ìgbẹ́ gbuuru kún un, torí ọmọ tó bá rù kì í bọ́ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru, kí ọmọ sì jókòó nínú ìlédìí tútù láti àárọ̀ dọ̀sán. Kò nílò ọkùnrin kankan nínú ilé.

Mi ò sọ pé ìbàjẹ́ ọmọdé kò sí. Ó wà. Bí egbò bá wà lójú ara, tí ọyún ń dà, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, dókítà yóò wò ó fínnífínní, yóò sì béèrè. Àmọ́ a kì í fi èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ìyá_Eléwé_Bódè dáhùn:

Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń tajà mi ní Bódè. Ẹ máa ń rò pé àwa eléwé ò mọ ìgbà tó yẹ ká sọ pé ó tó. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá tí mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jìn, mi ò ní í po àgbo kankan fún un. Ikùn rẹ̀ kékeré báyìí, omi àgbo ni kó máa mu ni, àbí oúnjẹ? Ọsibítù ni mò ń darí wọn sí. Ẹlòmíràn á bínú, á kọjá sí ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi, wọ́n á tà fún un. Mo ti wí tèmi.

Àdùkẹ́, lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn.

Kọ́lá_Bẹẹrẹ dáhùn:

Ó dáa, kí n gbà pé àyẹ̀wò dáa. Ṣé kò ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ oògùn lónìí, kó ṣe àyẹ̀wò tówó bá wọlé? Ohun tí mo mọ̀ ni pé [*alábòójútó yọ iye oògùn kúrò níbí*] ni wọ́n máa ń fún ọmọ tó bá tó bẹ́ẹ̀.

Alábòójútó dáhùn:

Ẹ má kọ iye oògùn ọmọdé síbí mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ẹ kò sì rí ọmọ náà. Ẹni tó bá tún kọ ọ́, màá yọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láàbù_Mọ́kọ́lá dáhùn:

Bọ̀dá Kọ́lá, rárá o. Ìtọ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde, oògùn ló ń tẹ̀ lé e. Èmi ni mò ń jókòó sídìí ẹ̀rọ awò-kòkòrò, mo mọ ohun tí ẹ ń fojú wa rí. Bí ẹ bá ti fún ọmọ ní ẹ̀kún ṣíbí oògùn apakòkòrò méjì, mẹ́ta, kòkòrò á ti rẹ̀, kò ní í hù lórí àwo, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Èmi á kọ ọ́ pé n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin á wá sọ pé láàbù jẹ owó yín lásán. Dókítà tó bá sì rí i pé ọmọ kò le tó láti dúró, òun fúnra rẹ̀ á ní kí wọ́n gba ìtọ̀ lójú ẹsẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ oògùn, á sì yí i padà nígbà tí èsì bá dé.

Owó tí ẹ rí yẹn, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé a máa fi awò wo ìtọ̀, a máa gbìn ín sórí àwo oúnjẹ kòkòrò, a máa gbé e sínú ẹ̀rọ tó gbóná bí ara ènìyàn mọ́jú. Ohun tó bá hù ní ọjọ́ kejì, a máa gbé ègé oògùn oríṣiríṣi sórí rẹ̀, a máa wo èyí tó lé e sẹ́yìn. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú kan wà, ọ̀pá pẹlẹbẹ tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀ tó ń yí àwọ̀. Ó wúlò, àmọ́ nínú ọmọdé ó máa ń tan èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń wò kì í hàn àfi tí ìtọ̀ bá ti pẹ́ bíi wákàtí mẹ́rin nínú àpò rẹ̀, ọmọ kékeré kì í sì í dá ìtọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ pé nǹkan wà, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá sọ pé kò sí, ẹ má tíì sùn.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ọsibítù bóyá wọ́n wà lábẹ́ OYSHIA, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa, kí ẹ sì bèèrè ohun tó gbà fún ọmọ. Ẹ má kàn wo láàbù tó wà lẹ́nu géètì nìkan.

Àdùkẹ́_Fókò dáhùn:

Ẹ ṣé gan-an ni, bọ̀dá. Mo ti pinnu láti ṣe é. Báwo ni mo ṣe máa gba ìtọ̀ lára ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé òun fẹ́ tọ̀? Ọ̀rá kan ni wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lábẹ́.

Láàbù_Mọ́kọ́lá dáhùn:

Ọ̀rá yẹn ló ń fa ìyọnu fún wa jù. Ó ń fara kan awọ, ó ń fara kan ìdí, kòkòrò tí kò ti inú ìtọ̀ wá á kún inú rẹ̀. Tí ìtọ̀ inú ọ̀rá bá mọ́ tónítóní, ó dáa, ọ̀rọ̀ parí. Tí nǹkan bá hù níbẹ̀, a ò mọ̀ bóyá ti àpò ìtọ̀ ni tàbí ti awọ. Oògùn tí kò yẹ kí ọmọ lò ló máa ń fà.

Ẹ gbá ìtọ̀ mú nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi omi mímọ́ fọ abẹ́ ọmọ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ má fi Dettol pa á. Ẹ ti fún un lóhun mímu ṣáájú. Ẹ gbé e lé itan, kí ẹnìkejì di ike láàbù mú, kó má fi ọwọ́ kan inú ike tàbí inú ìdérí. Ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ ìtọ̀ dà sílẹ̀, kí ẹ gbe ti àárín. Ẹ gbé e wá láàárín wákàtí kan sí méjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, inú fíríìjì, kì í ṣe fírísà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lò ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀. Ìtọ̀ tó jókòó nínú oòrùn láti Fókò dé ọ̀dọ̀ wa nínú gòsúló ìrọ̀lẹ́, mílíọ̀nù kòkòrò ló máa bí lójú ọ̀nà.

Dókítà_Ọmọdé_Agodi dáhùn:

Láàbù ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ọgbọ́n kan kún un. Ẹ fi aṣọ gọ́ọ̀sì tó tutù rin, ẹ máa fi pa ìsàlẹ̀ ikùn ọmọ, lókè ojú ara, ní yíyí ká. Àwọn dókítà ní Ọsirélíà dán an wò lára àwọn ọmọ oṣù kan sí oṣù méjìlá, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bíi 31 nínú ọgọ́rùn-ún tọ̀, nígbà tí ó jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló tọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kàn jókòó dúró dè. Tiyín ti dàgbà díẹ̀ ju tiwọn lọ, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ náà. Àmọ́ ọmọ tó bá rù, òtútù tètè máa ń mú un. Ẹ wọ fìlà fún un, ẹ bo àyà rẹ̀, ẹ má tú u síhòòhò nídìí fáànù.

Tí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe, ní wọ́ọ̀dù a lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ọ̀nà ìtọ̀, tàbí kí a fi abẹ́rẹ́ fà á láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ má sá tí ẹ bá rí wọn tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn. Èsì rẹ̀ ló dájú jù.

Ọlọ́mọ_Olódò dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní tí a bá dá abẹ́ fún ọmọbìnrin, kì í ní àìsàn ìtọ̀. Màmá àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fúngun mọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù dáhùn:

Ẹ máà gbà. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ojú àpá á mú ọ̀nà ìtọ̀ há, ìtọ̀ á máa dúró lẹ́yìn rẹ̀, kòkòrò á sì máa pọ̀ níbẹ̀. Mo ti rí i lára ọmọ, mo tún ti rí i lára àgbàlagbà tó wá bímọ. Ti ọkùnrin ló ń dín in kù, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí pé kòkòrò máa ń sá pamọ́ sábẹ́ awọ tí wọ́n ń gé kúrò yẹn lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ fi màmá sílẹ̀ fún mi, kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá_Ayọ̀_Mólété dáhùn:

Nọ́ọ̀sì, ẹ dárúkọ ọkùnrin. Ọmọ tèmi ti kọlà, oṣù mẹ́jọ ni. Òun náà kò sanra, ìtọ̀ rẹ̀ kì í jáde gùdù, ó kàn ń kán tó, tó, tó. Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Dókítà_Ọmọdé_Agodi dáhùn:

Bàbá Ayọ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ kò ta jáde, tó ń kán láti ìgbà ìbí, ó lè jẹ́ pé awọ kan ló dínà fún ìtọ̀ nínú. Ìtọ̀ á máa tì padà sí kíndìnrín, kíndìnrín á máa bàjẹ́, ọmọ kò sì ní í dàgbà. Wọ́n máa ṣe sìkáànù ikùn fún un, wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Iṣẹ́ abẹ wà fún un. UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì níbí, ní àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé. Ẹ gbé e lọ lọ́la.

Bàbá_Ayọ̀_Mólété dáhùn:

Ẹ ṣé, dókítà. A ti gbọ́.

Kọ́lá_Bẹẹrẹ dáhùn:

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí mo ní, ẹ má bínú. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi máa ń tú Tetracycline, kápúsù yẹn, sínú ògì ọmọ tí inú bá ń run ún. Ìyẹn náà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù dáhùn:

Yéè! Kọ́lá, pe ọ̀rẹ́ rẹ báyìí. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ, Tetracycline á ba eyín rẹ̀ jẹ́, á di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì ní í fọ̀ kúrò láéláé. Ìdajì kápúsù nínú ògì kì í sì í ṣe oògùn, ó kàn ń kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n ni.

Àdùkẹ́_Fókò dáhùn:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èsì ti jáde. E. coli ni wọ́n kọ, wọ́n kọ pé ó lé ní 100,000 nínú ìtọ̀ mílílítà kan. Septrin kò lè pa á, Amoxicillin kò lè pa á, oògùn mẹ́ta míì ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Dókítà mú ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí n lò ó tán pátá, kí n má fi ìkankan pamọ́ de ọjọ́ míì. Nígbà tí a tún lọ wọ̀n, ìwọ̀n ti kúrò níbi tó wà, kò pọ̀, àmọ́ ó ti kúrò. Ó tún ń rẹ́rìn-ín báyìí, ó ń lù mí.

Mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi pupa yẹn fún un láti fi kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣé kò burú?

Dókítà_Ọmọdé_Agodi dáhùn:

Ẹ kú oríire. Ẹ gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí ẹ sì mú ike rẹ̀ lọ fi han àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ tó rù bá ṣì ń bá kòkòrò jà, irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ lè di oúnjẹ fún kòkòrò náà. Ó nígbà tí a ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: nígbà tí ọmọ bá ti ń jẹun dáadáa, tó sì ti ń wúwo sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ fa omi sí i lára ní ilé ìtọ́jú ẹ̀bá ọ̀nà pé "ó ti rẹ̀ ẹ́". Ọkàn ọmọ tó rù kì í lè gbé omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú omi ní ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn tó bá lo oògùn tán, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n máa tún ìtọ̀ yẹ̀ wò, àti bóyá ó nílò sìkáànù kíndìnrín. Èyí tó bá ń padà wá lemọ́lemọ́ máa ń fi àpá sára kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì máa ń tẹ̀ lé e nígbà tó bá dàgbà.

Màmá_Ìbejì_Àpáta dáhùn:

Ọlọ́run ṣeun. Àdùkẹ́, kí lẹ ń fún un jẹ báyìí? Àwọn ọmọ mi tom brown ni mo fi tọ́ wọn, àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà, mo yan án, mo lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ń gba òógùn díẹ̀, àmọ́ ó ju ògì lásán lọ fíìfíì.

Àdùkẹ́_Fókò dáhùn:

Òun náà ni nọ́ọ̀sì kọ́ mi. Ní Bódìjà ni mo ti ra sóyà. Ẹ̀pà ló ń fún mi níṣòro, èyí tó wà lọ́jà ní hùnhùn dúdú lára.

Ìyá_Eléwé_Bódè dáhùn:

Èyí tó hu hùnhùn, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé ẹ máa yan án kó lọ. Májèlé inú rẹ̀ kì í bá iná lọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló sì ń bá jà. Ẹ ra ẹ̀pà tó ṣì wà nínú èèpo, kí ẹ bó o fúnra yín. Ẹ má sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata o, ẹ wá ẹni tó ń lọ elùbọ́ tàbí ọkà gbígbẹ.

Dókítà_Ọmọdé_Agodi dáhùn:

Màmá, ẹ̀yin ni dókítà níbí lónìí.

Ṣadé_Mọ́níyà dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́fà, ó rù díẹ̀, kì í tọ̀ sílé láti ọjọ́ pípẹ́. Láti bí ìgbà díẹ̀ báyìí, ó tún ti ń tọ̀ sórí ẹní. Wọ́n ń nà án lárọ̀ọ̀wúrọ̀, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Lójú ọ̀sán náà, ṣé ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń sáré lọ bí ẹni pé wọ́n ń lé e, tó bá débẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀ báyìí ló máa jáde.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù dáhùn:

Ẹ ní kí wọ́n ju ọrẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ lójú oorun, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ padà, tó sì ń sáré lọ tọ̀ ẹ̀kán ìtọ̀, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó bá a wí. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìparí ìtọ̀ rẹ̀, àti bóyá ó máa ń wẹ̀ lódò. Àtọ̀sí ajá nìyẹn lè jẹ́, kòkòrò inú odò ló ń fà á, oògùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ohun tí a ń sọ látàárọ̀, Praziquantel ni. Ẹ wádìí ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá gan, òun nìkan tó láti máa ti àpò ìtọ̀. Kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ìtọ̀ rẹ̀, pàápàá tó bá ń mu omi púpọ̀.

Ṣadé_Mọ́níyà dáhùn:

Kò fojú kan odò rí, kànga inú ọgbà ni wọ́n ń lò. Ìgbẹ́ ló máa ń gan. Láàbù wo ló ṣí lárọ̀ọ̀wúrọ̀ Sátidé?

Láàbù_Mọ́kọ́lá dáhùn:

Àwa ń ṣí láago mẹ́jọ. Tiyín ti dàgbà, kò nílò ọgbọ́n gọ́ọ̀sì tutù. Kí ó jókòó sórí póò tó tẹ́, kí ó la ẹsẹ̀, kí ó dá àkọ́kọ́ ìtọ̀ dànù, kí ẹ gbe ti àárín. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jí ló dára jù, torí ó ti sùn mọ́jú nínú àpò rẹ̀. Ẹ wá gba ike lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má mú ike yógọ̀tì wá o, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.